Bí A Ṣe Ń Lo Ọjọ́ Mẹ́ta ní Òkè Ìdànrè

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ sí Òkè Ìdànrè ló máa ń gbéra láti Àkúrẹ́ ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Wọn a dé ìdí òkè nígbà tí oòrùn ti mú, wọn a fi ìkánjú gun àtẹ̀gùn, wọn a ya fọ́tò díẹ̀, wọn a sì sọ̀kalẹ̀ kí ebi tó dá wọn lágara. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí, iye àtẹ̀gùn ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ. Bẹ́ẹ̀ ìlú ló wà lókè níbẹ̀, odidi ìlú kan tó ní ààfin, ilé ẹjọ́, ilé agogo àti ibi tí wọ́n sin àwọn baba ńlá sí, tí àwọn ènìyàn sì gbé inú rẹ̀ títí di ọdún 1923 kí wọ́n tó kó sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí Ìdànrè wà lónìí. Ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, ẹni tó fẹ́ sun oru méjì nísàlẹ̀ òkè, kí ó sì fi ọjọ́ àárín gbáko bá ìlú àtijọ́ náà gbé.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Ìdànrè wà, nǹkan bí kìlómítà 24 sí Àkúrẹ́ ní ìhà gúúsù. Àwọn òkè náà ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,000 sí ojú òkun; àpáta ńláńlá tí orí wọn pá ni wọ́n, igbó àti àfonífojì sì wà láàárín wọn. Ìtàn tí ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ìlú ni pé nígbà tí àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀ rí bí òkúta náà ṣe tò sí ara wọn, ẹnu yà wọ́n, wọ́n ní, “Ìdàn rèé!” Láti ọdún 2007 ni òkè náà ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fi sílẹ̀ níwájú àjọ UNESCO pé kí wọ́n gbé yẹ̀wò fún ipò ogún àgbáyé.

Ẹ yan àsìkò

Ọ̀rọ̀ àsìkò ló yẹ kó ṣáájú, nítorí àpáta ni ẹ ń lọ gùn, àpáta tútù kò sì mọ alágbára. Ní ìgbà òjò, pàápàá láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, omi máa ń ṣàn lórí òkúta, ohun aláwọ̀ ewé kan tó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ a sì hù sí ojú ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ilẹ̀ a gbẹ, ṣùgbọ́n ọyẹ́ lè bo gbogbo agbègbè débi pé ẹni tó dúró lókè kò ní rí òrùlé àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀. Bí ó bá ṣe tèmi ni, ìparí oṣù Kẹwàá sí ìdajì oṣù Kọkànlá ni mo fẹ́ràn jù: òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀, ọyẹ́ kò tíì dé, ó sì jẹ́ àkókò ìkórè kòkó, èyí tí mo máa padà sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹni tó bá fẹ́ bá ọdún Òrósùn, òrìṣà tí wọ́n ń bọ ní Ìdànrè, pàdé yóò lọ nínú oṣù Karùn-ún. Kí ó kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ náà gan-an lọ́wọ́ ọmọ ìlú, kí ó sì béèrè ibi tí àlejò kò gbọdọ̀ dé nígbà ọdún, nítorí ibi ìsìn ni òkè náà jẹ́ fún àwọn tó ni ín.

Ohun tí ẹ ó dì

Bàtà ló ṣe pàtàkì jù. Bàtà kánfáàsì tó ní rọ́bà nísàlẹ̀, tí ilà abẹ́ rẹ̀ sì jìn, ni kí ẹ mú. Ẹ dojú bàtà náà dé kí ẹ tó dì í, kí ẹ fi àtàǹpàkò ra abẹ́ rẹ̀: bí ilà náà bá ti jẹ tán tí ó ń dán bí àwo, ẹ fi í sílẹ̀ nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè rẹ̀ ṣì mọ́ gaara. Bàtà tuntun tí ẹ kò tíì wọ̀ rìn rárá kò dára pẹ̀lú. Àtẹ̀gùn ni yóò fi ibi tí ó ti ń họ gìgísẹ̀ hàn yín, níbi tí ẹ kò ti ní rí òmíràn pààrọ̀. Sílípáàsì wà fún inú ilé ìtura nìkan.

Lẹ́yìn bàtà, omi ni. Lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kò pọ̀ jù fún ọjọ́ kan lókè, nítorí àpáta náà máa ń gba oòrùn sára, a sì máa dá a padà sí ara ènìyàn láti ìsàlẹ̀. Ẹ dì í sínú báàgì tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, kí ọwọ́ yín méjèèjì lè ṣófo fún dídi nǹkan mú. Ẹ fi ìpékeré, ẹ̀pà tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kún un, pẹ̀lú fìlà, ẹ̀wù òjò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tọ́ọ̀ṣì kékeré, báńdéèjì díẹ̀ àti ọ̀rá kan tí ẹ ó máa kó ìdọ̀tí yín sí. Ẹ gba owó sọ́wọ́ láti Àkúrẹ́, nítorí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni nẹ́tíwọọkì máa ń jẹ́ kí owó lọ láti orí fóònù.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ikọ́ ẹ̀gbẹ, àìsàn ọkàn tàbí orúnkún tó ń dùn ún gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó lọ, kí ó sì fi oògùn rẹ̀ sínú báàgì tí yóò gbé gun òkè. Ìyá mi àgbà kan bá wa lọ nígbà kan, ó gun òkè dé ibi ìsinmi kejì, ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan, wọ́n sì ń wo ìlú títí a fi sọ̀kalẹ̀ dé bá wọn. Inú rẹ̀ dùn jọjọ. Ibi yòówù tí agbára ènìyàn bá gbé e dé lórí òkè yìí, ohun wà níbẹ̀ láti wò.

Ọjọ́ kìíní: ẹ tètè dé, kí ẹ sì sinmi

Àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó sábà máa ń gba Ọ̀rẹ̀ àti Oǹdó dé Àkúrẹ́. Àwọn tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn a gba Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ní Àkúrẹ́, ẹ béèrè ibi tí ọkọ̀ Ìdànrè wà. Ìrìn tó kù kò ju nǹkan bí wákàtí kan lọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣètò rẹ̀ kí ẹ lè dé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ má baà máa wá ilé ìtura nínú òkùnkùn. Ẹ ó mọ̀ pé ẹ ti ń súnmọ́ ọn nígbà tí àpáta bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí láti ẹ̀yìn igi kòkó ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì.

Nígbà tí ẹ bá ń gba yàrá, ẹ béèrè bóyá omi ń yọ, bóyá àwọ̀n wà lójú fèrèsé fún ẹ̀fọn, àti bóyá wọ́n lè ṣe oúnjẹ fún yín kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìbéèrè kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, tí wọ́n á sì gun òkè láìjẹun. Bí wọn kò bá lè ṣe é, ẹ ra búrẹ́dì àti àkàrà sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà òkè níbi tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n máa ń ṣí i, iye tí àgbàlagbà àti ọmọdé ń san, kí ẹ sì bá amọ̀nà kan sọ ọ̀rọ̀ pọ̀ fún ọjọ́ kejì. Amọ̀nà ṣe pàtàkì gidigidi. Àtẹ̀gùn kò lè ṣì yín lọ́nà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìlú àtijọ́, ọ̀nà tó lọ sí ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn (àmì ẹsẹ̀ kan lára àpáta) àti Omi Àpáàrá (omi kan tó wà lórí òkè náà) gba inú igbó àti orí àpáta gbalasa tí kò ní àmì. Ẹ bá a dá iye owó, kí ẹ sọ fún un pé gbogbo ọjọ́ ni ẹ fẹ́ lò, kí ó má baà máa sáré yín. Ẹ jẹ iyán ní alẹ́ ọjọ́ náà bí ó bá wù yín, ṣùgbọ́n kí ó tètè wọ ikùn, kí ẹ sì tètè sùn.

Ọjọ́ kejì: òkè

Ẹ dé ẹnu ọ̀nà ní kété tí wọ́n bá ti ń ṣí i. Nínú wákàtí méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ilẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ tutù, òkúta náà tutù lọ́wọ́, òjìji òkè sì máa ń ṣíji bo apá kan àtẹ̀gùn. Iye àtẹ̀gùn tí a máa ń gbọ́ jù lọ ni 682, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn máa ń sọ iye tó kéré sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi gbogbo ọkàn kà á, nítorí ẹni tó ń ka àtẹ̀gùn kì í bojú wẹ̀yìn, ẹ̀yìn gan-an sì ni ìran wà.

Ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà. Ẹ sinmi ní gbogbo rẹ̀, kódà bí kò bá tíì rẹ̀ yín. Ìwọ̀n ìrìn tó dára ni èyí tí ẹ ṣì lè fi sọ gbólóhùn kan tán láìmí gúlegúle. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́ tán, ẹ ti ń yára jù. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀ ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má dúró de òùngbẹ. Níbi tí irin ìdìmú bá wà, ẹ dì í mú, pàápàá tí ìrì bá sẹ̀. Àwọn ọmọdé ni kí ó wà láàárín, àgbàlagbà kan níwájú, òmíràn lẹ́yìn. Ẹni tó bá ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yóò lò tó wákàtí kan kí ó tó dé òkè àtẹ̀gùn, kò sì sí ohun tí ó pàdánù.

Nígbà tí ẹ bá dé òkè, ẹ jókòó, ẹ jẹ nǹkan. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ìlú bí ènìyàn ṣe ń wọ ilé ẹlòmíràn. Bí ẹ bá bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ẹ kí i: “Ẹ ǹlẹ́ o, a wá wo ilé ni.” Ẹ bi amọ̀nà léèrè ibi tí a lè ya fọ́tò àti ibi tí a kò lè yà á, ibi tí obìnrin tàbí ọkùnrin kò gbọdọ̀ wọ̀, àti ibi tí a ti ń bọ́ bàtà. Ojúbọ kò ṣeé gùn, ohun tó bá sì wà nílẹ̀ ní ojúbọ kò ṣeé mú, kódà bí ó bá dà bí ohun tí a ti pa tì.

Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, ni ibi tí ó yẹ kí ẹ ti pẹ́ jù lọ. Mo gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ lo tó wákàtí kan níbẹ̀. Ẹ dúró ní àgbàlá, kí ẹ jẹ́ kí ojú yín mọ́ ibẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ súnmọ́ ọ̀kan nínú àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ lọ́nà, kí ẹ wò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè láìfọwọ́ kàn án. Ẹ kíyè sí ibi tí irin agbẹ́gi gbà kọjá lára igi náà, àti bí òjò àti ooru ṣe la igi náà ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ. Ẹ ronú sí i pé kò sí àtẹ̀gùn tí a ń gùn lónìí nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé wọ̀nyí, orí ni wọ́n sì fi ń ru ẹrù láàárín àpáta. Láti ààfin, ẹ lọ wo ilé ẹjọ́ àtijọ́ àti ilé agogo, kí ẹ sì ní kí amọ̀nà fi ibi tí wọ́n sin àwọn èèyàn ńlá sí hàn yín láti òkèèrè. Ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi kó sọ̀kalẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ nílé rẹ̀. Ìtàn tí a gbọ́ lẹ́nu ọmọ onílé níwájú ilé náà gan-an ní ìtumọ̀ tí ìwé kò ní.

Bí agbára bá ṣì wà, tí ojú ọjọ́ sì mọ́, ẹ tẹ̀ síwájú lọ sí ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn. Àmì kan ni lára àpáta tó rí bí ìgbà tí ènìyàn tẹ amọ̀ tútù. Wọ́n ní gbogbo ẹsẹ̀ ló ń gbà, ti ọmọdé àti ti àgbà, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ sí i bí amọ̀nà bá gbà yín láyè; ẹ ó gbọ́ bí òkúta náà ṣe tutù ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín sọ ọ́ di ohun tí a fi ń dán ènìyàn wò. Mo ti rí ọmọbìnrin kékeré kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀ títí ó fi sunkún, gbogbo adùn ìrìn náà sì ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ kí a tó dé ilẹ̀. Omi Àpáàrá àti àkọlé ara òkúta tí ẹnì kankan kò tíì rí kà wà lára ohun tí amọ̀nà lè mú yín lọ wò pẹ̀lú. Ẹ yan ọ̀kan tàbí méjì, kí ẹ má gbìyànjú gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kan.

Ohun mẹ́ta tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún

Èkíní ni ààrá. Orí àpáta gbalasa kò ní ibi ìsápamọ́ kankan, ènìyàn ló sì máa ń ga jù níbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ààrá lọ́nà jíjìn, ẹ má dúró de òjò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ibi tí ilé wà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sì sá sí abẹ́ igi kan ṣoṣo tó dá dúró.

Èkejì ni ejò àti àkekèé. Ẹ má ki ọwọ́ bọ sáàárín òkúta tí ojú yín kò rí inú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àdán, èyí ni mo sì fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Àwọn ihò àdán wà ní agbègbè Ìdànrè tí àwọn ènìyàn máa ń wọ̀ nígbà ọdún àdán láti mú wọn. Àwọn olùwádìí ìlera ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 2010 àti 2013. Wọn kò rí àmì pé àrùn tí wọ́n ń wá ti wọ ara àwọn ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn àdán náà, ó ju ìdajì wọn lọ tó fi hàn pé wọ́n ti bá kòkòrò àrùn tó jẹ́ ìbátan àrùn dìgbòlugi pàdé. Nítorí náà, àlejò kò ní ohun tí ó ń wá nínú ihò àdán. Ẹ má fọwọ́ kan àdán, ì báà jẹ́ òkú tàbí èyí tó wà láàyè, kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé. Bí ó bá ṣèèṣì bu ẹnì kan jẹ tàbí tí ó ha á léèékánná, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sọ fún wọn pé àdán ni, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi yẹ yín. Ẹ má ní egbò náà kéré.

Ìsọ̀kalẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán, kí ìmọ́lẹ̀ lè pọ̀ fún yín. Ìgbà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣubú, nítorí itan ti rẹ̀, ọkàn sì ti lọ sílé. Ẹ gbé gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹni tí orúnkún bá sì ń dùn kí ó máa sọ̀kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́. Ẹ kó ìdọ̀tí yín sọ̀kalẹ̀, títí kan ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Ní alẹ́, ẹ fi omi gbígbóná wẹ̀, kí ẹ sì na ẹsẹ̀ sókè lára ògiri fún ìgbà díẹ̀.

Ọjọ́ kẹta: kòkó

Kòkó ni iṣẹ́ Ìdànrè, ẹni tó bá sì lọ láìwo oko kòkó kò tíì rí bí àwọn tó sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè ṣe ń jẹun. Ẹ ní kí onílé ìtura tàbí amọ̀nà yín bá yín wá àgbẹ̀ kan tí yóò gbà kí ẹ tẹ̀ lé òun fún wákàtí méjì ní òwúrọ̀, kí ẹ sì fi nǹkan dì í lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń lọ.

Nígbà ìkórè, ẹ ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fọ́ èso kòkó. Ẹ gba hóró kan, ẹ fi í sẹ́nu, ẹ lá ohun funfun tó bò ó. Ó dùn, ó sì kan díẹ̀ bí ọsàn. Ẹ má fi eyín gé hóró fúnra rẹ̀, ó korò. Wọn a kó hóró náà jọ, wọn a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, wọn a sì máa yí i. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ lé ewé náà ní ọjọ́ kẹta, ooru tó ń jáde láti inú rẹ̀ yóò yà yín lẹ́nu, òórùn rẹ̀ a sì dà bí ti ọtí tó ti kan. Ibẹ̀ ni adùn ṣokoléètì ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò sá a sí oòrùn títí tí yóò fi máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá fún un. Ẹ ó rí i tí wọ́n tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì àti ojúde ilé. Ẹ yà fún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ẹnì kan ni.

Ẹ wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́ kí ó tó di ọ̀sán gangan, pàápàá bí ẹ bá ń lọ sí Èkó.

Bí òjò bá wá fi ọjọ́ kejì dí yín lọ́wọ́, ẹ pààrọ̀ ètò náà: ẹ lọ sí oko kòkó ní ọjọ́ kejì nígbà tí òjò bá dá, kí ẹ sì gun òkè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta bí òkúta bá ti gbẹ. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi Agbóògùn àti Omi Àpáàrá sílẹ̀, ẹ lọ sí ààfin nìkan, kí ẹ sì ti sọ̀kalẹ̀ tán kí agogo méjìlá tó lù. Bí àpáta bá ṣì tutù ní òwúrọ̀ náà, ẹ dúró sí ibi ìsinmi àkọ́kọ́, kí ẹ wo ìlú láti ibẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà amọ̀nà yín sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn.